Bá a ṣe ń fi ìwà àti ẹnu ṣe Kìrìsìtẹ́nì

Jákọ́bù 2:15-16 ti là á kalẹ̀, tébi bá ń pa ará kan tá a wá ní "máa lọ ní àlàáfíà" lásán, kí lèrè ẹ̀? Torí náà tára màmá ìsàlẹ̀ ilé yín ní Ṣágámù ò bá yá, ẹ bu gààrí Ìjẹ̀bú, ẹ fẹja díẹ̀ sí i, ẹ gbé e lọ fúnra yín, ẹ má sì gbé fọ́tò ẹ̀ sórí status o (ẹ mọ ara yín!).

Tẹnu ló le jù. Tí wọ́n bá fi òfófó ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ má fọ́wọ́dù ẹ̀, ẹ pe ẹni tọ́rọ̀ kàn, ẹ bi í ní kọ̀rọ̀. Tínú bá ń bí yín, ẹ mumi ná kẹ́ ẹ tó fèsì.