Bí view bá kọ̀ tí kò mira lẹ́yìn tí ẹ fọwọ́ kàn án

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé kóòdù wá bá mi pé animation (ìrìn nǹkan lójú fóònù) òun ò ṣiṣẹ́, animation kọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Mo máa ń bi í pé: ìfọwọ́kàn yẹn, ṣé ó tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ view, ìyẹn ohun tó hàn lójú fóònù, bíi bọ́tìnnì tàbí àwòrán? Wọ́n á ti yí duration (iye àkókò ìrìn) padà, wọ́n á ti pààrọ̀ interpolator (bí ìrìn ṣe ń yára tàbí falẹ̀), nígbà tó jẹ́ pé ìfọwọ́kàn ti sọnù lójú ọ̀nà. Android ni mo fẹ́ fi ṣe é. N óò fẹnu ba iPhone nísàlẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wẹ fóònù mọ́ nínú ọ̀ràn náà. Ẹ lọ sí Developer options, ẹ wo Animator duration scale, tó ń pinnu bí animation ṣe máa pẹ́ tó. Bó bá wà ní off, animation á fò dé ìparí lójijì, ẹ ò ní rí ìrìn kankan. Battery Saver náà lè pa á. Ibẹ̀ kan náà ni mo ti máa ń gbé e sí 10x: ohun tó ń kọjá bíi mànàmáná á wá máa rìn gbẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì rí ibi tó ti ń ṣìnà.

Ẹ wá fi OnTouchListener (kóòdù tó ń gbọ́ ìfọwọ́kàn) sórí view, kí ẹ sì tẹ actionMasked (nọ́ńbà irú ìfọwọ́kàn) sínú log, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí ẹ ń kà bí app ṣe ń ṣiṣẹ́. 0 túmọ̀ sí pé ìka balẹ̀, 2 pé ó ń rìn, 1 pé ó gbéra. 3 ni ACTION_CANCEL, pé wọ́n ti gba ìfọwọ́kàn kúrò lọ́wọ́ view, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà kún.

Bí log bá dákẹ́ pátápátá, ó ṣeé ṣe kí nǹkan mìíràn ti jókòó lé view yín lórí. Nínú FrameLayout (àpótí tó ń to àwọn view léra), bí elevation (gíga) wọn bá dọ́gba, èyí tó wọlé kẹ́yìn ló wà lókè. Bó bá jẹ́ clickable (ohun tó ṣeé tẹ̀), á gbé ìfọwọ́kàn mì, bí ojú ò tilẹ̀ rí i. Ó sì lè jẹ́ pé view ti rìn kọjá ààlà parent rẹ̀, àpótí tó gbé e dání. clipChildren="false" á jẹ́ kí ẹ máa rí i níta, àmọ́ ìka tó bá bà á níbẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

Bí 0 kan ṣoṣo bá jáde, tí kò sí ohun tó tẹ̀ lé e, listener yín ti dá false padà, view náà ò sì jẹ́ clickable. ImageView àti TextView ló máa ń fi èyí yọ èèyàn lẹ́nu jù. Android ti gbà pé view ò fẹ́ ìfọwọ́kàn náà, kò ní mú èyí tó kù wá fún un mọ́. Ẹ dá true padà, ṣùgbọ́n true yìí á dí onClick (kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá tẹ view) lọ́nà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó pe performClick() nígbà tí ìka bá gbéra.

Èyí tí mo ń bá pàdé jù ni 0, 2, 2, 3. Ẹ fọwọ́ kan káàdì kan nínú RecyclerView (àkójọ tó ń yí lójú fóònù), ó súnkì bó ṣe yẹ. Ẹ fa àkójọ náà sókè díẹ̀, káàdì ò sì padà sí bó ṣe wà mọ́. Bí ìka ṣe rìn kọjá touch slop (ìwọ̀n tí ìka gbọ́dọ̀ rìn kí Android tó kà á sí fífà), tó sábà máa ń jẹ́ 8dp, RecyclerView já ìfọwọ́kàn gbà. ACTION_UP, ìyẹn 1, tí ẹ ń dúró dè ò ní dé láéláé. CANCEL ni wọ́n fi dágbére fún yín.

```kotlin
card.setOnTouchListener { v, e ->
    when (e.actionMasked) {
        MotionEvent.ACTION_DOWN ->
            v.animate().scaleX(0.95f).scaleY(0.95f).setDuration(100)
        MotionEvent.ACTION_UP, MotionEvent.ACTION_CANCEL ->
            v.animate().scaleX(1f).scaleY(1f).setDuration(100)
    }
    false
}
```

False tó wà nísàlẹ̀ ò léwu níhìn-ín, torí káàdì yìí ní onClick tirẹ̀. Àwọn kan ń fi requestDisallowInterceptTouchEvent(true), tó ń sọ fún parent pé kó má já ìfọwọ́kàn gbà, wo àìsàn yìí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún káàdì, nítorí àkójọ ò ní yí mọ́ bí ìka bá ti balẹ̀ sórí rẹ̀. Ohun tí ìka ń fà, bíi slider, ni oògùn yẹn wà fún.

Ohun tí ìka ń fà tún ní wàhálà tirẹ̀: á máa gbọ̀n. Ara view fúnra rẹ̀ ni getX() ti ń wọn ibi tí ìka wà. Bí ẹ bá ti sún view, ìwọ̀n yí padà, ẹ tún sún un, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹ lo getRawX().

Bí view bá ti lọ sí apá ọ̀tún àmọ́ tó jẹ́ apá òsì tó ti kúrò ni ìka ṣì ń bá a, ẹnì kan ti lo TranslateAnimation, ọ̀nà àtijọ́ láti fi sún nǹkan. Àwòrán nìkan ni ìyẹn ń sún, setFillAfter(true), tó ń fi àwòrán sílẹ̀ síbi tó dé, sì ń bo àṣírí rẹ̀. Láti Android 3.0, ní 2011, la ti ní property animation tó ń gbé view tòun ti àyè ìfọwọ́kàn rẹ̀. Mi ò rí ìdí kankan láti fi ti àtijọ́ sórí ohun tí èèyàn máa tẹ̀.

Ẹ ṣọ́ withEndAction (kóòdù tó yẹ kó ṣiṣẹ́ nígbà tí ìrìn bá parí) náà: bí ìka kejì bá dá ìrìn àkọ́kọ́ dúró, kò ní ṣiṣẹ́. Ohun tó bá pọn dandan, inú onAnimationEnd ni kó wà, torí ìyẹn ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá fagi lé e náà.

Lórí iPhone, UIView.animate kì í gba ìfọwọ́kàn lórí view tó ń rìn lọ́wọ́, àfi bí ẹ bá fi .allowUserInteraction sí options. Pẹ̀lú ìyẹn náà, ibi tí view ń lọ ni ìka á ti bá a, kì í ṣe ibi tí ojú ti ń rí i. layer.presentation() lẹ ó bi léèrè ibi tó wà gan-an, kí ẹ wá fi hitTest yẹ̀ ẹ́ wò.