Orí Ẹran Tó Ná Mi ní Dọ́là 665

Ẹ má bi mí ní àpapọ̀ owó tí mo ná lórí ọdẹ elk tí mo lọ ṣe ní ìpínlẹ̀ Wyoming nílẹ̀ Amẹ́ríkà lóṣù Kẹwàá tó kọjá, nítorí ìyàwó mi lè ka ibí yìí. Èyí tó dùn mí jù nínú owó náà kò ju dọ́là 665 lọ. Orí ẹran ni mo ná an lé lórí, orí tí n bá ti tún ṣe lórí òkè láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ká ní ẹnìkan là mí lọ́yẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ elk, ó jọ àgbọ̀nrín, àmọ́ àgbọ̀nrín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ẹṣin ni. Akọ rẹ̀ tó ti gbó lè wọn ju kílò 300 lọ. Ọmọ ọdẹ ni mí. Ìgbòho ni bàbá mi ti ṣọdẹ títí ojú fi di bàìbàì, láti ọjọ́ tí mo sì ti dé Houston ní Texas ló ti ń wù mí kí n pa ohun tí bàbá kò pa rí.

Èrò mi ni pé èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan yóò kàn di ẹrù wa, a ó sì gba inú òkè lọ. Mo ti ra àgọ́. Mo ti san dọ́là 692 fún ìwé àṣẹ, owó àlejò nìyẹn o, onílé kì í san tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á pé ẹni tí kì í ṣe ará Wyoming kò gbọdọ̀ dá pa ẹran ńlá nínú àwọn aginjù tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀, àfi kó mú gáìdì tó níwèé àṣẹ dání, tàbí kí onílé kan tẹ̀ lé e lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lè rìn níbẹ̀, ẹ lè sùn níbẹ̀, ẹ lè pẹja níbẹ̀ láìsí gáìdì. Tó bá di ọ̀rọ̀ elk ni ẹ̀ ń wá alágbàtọ́. Inú bí mi débi pé n kò jẹun alẹ́. N kò mọ ẹnikẹ́ni ní Wyoming, ọ̀rẹ́ mi ní òun kò lọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni dọ́là 7,500 ṣe jáde lápò mi.

N kò ní parọ́ mọ́ gáìdì náà, ó mọṣẹ́. Bridger Wilderness la lọ, lórí àwọn òkè Wind River, ìlú Pinedale la sì ti gbéra. Òfin ọdún 1964 tó dá irú aginjù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kò fàyè gba mọ́tò, kò fàyè gba ọ̀kadà, kódà kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹṣin la gùn fún wákàtí mẹ́fà, èmi tí n kò gun ẹṣin rí. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó bá rí ìrìn mi yóò rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá abẹ́ fún mi ni.

Ọjọ́ kẹfà la rí akọ kan, yáàdì 240. Ọta kan ṣoṣo ni mo yìn. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ọta kan ṣoṣo.

Ìjà àkọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí gáìdì yọ ọ̀bẹ. Kò la ikùn ẹran rárá. Ó gé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó bó ẹran ẹ̀yìn, ó ń nu ọwọ́. Mo ní, “Inú rẹ̀ ńkọ́?” Ó wò mí bí ẹni pé mo ń ṣàìsàn. Ṣàkì, àbọ̀dí, fùkù, pọ̀nmọ́ odindi elk, ó ní kí á fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún béárì. Òfin kò béèrè wọn lọ́wọ́ ọdẹ, ó ní. Ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti ahọ́n ni mo rí gbà. Ìgbà tí mo ní kí á gbé orí, ó dì í mọ́ ẹ̀yìn ìbaaka, kò sọ nǹkan kan. Àìsọ nǹkan kan yẹn ni mo ṣì ń bínú sí títí dòní.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé la sọ̀ kalẹ̀. Mo gbé ẹran lọ sọ́dọ̀ alápatà tó ń gé e, tó ń dì í, tó sì ń fi ránṣẹ́. Ó béèrè ibi tí mò ń lọ. Mo ní Houston. Ó nawọ́ sí orí ẹran, ó ní, “Pẹ̀lú èyí? Rárá.”

Àrùn kan wà tó ń ba ọpọlọ àgbọ̀nrín àti elk jẹ́, CWD ni wọ́n ń pè é. Ẹran tó bá mú yóò máa gbẹ títí yóò fi kú, kò sì ní oògùn. Ó wà ní Wyoming. Nítorí náà, Texas kò gbà kí èèyàn kàn gbé orí tí ọpọlọ ṣì wà nínú rẹ̀ lọ sílé láti irú ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, ayùn kékeré ni n bá fi gé pátákó orí pẹ̀lú ìwo rẹ̀ lórí òkè, kí n ha ọpọlọ dànù, ó parí. Mo ní kí alápatà bá mi fi ayùn gé e nígbà náà, ó ní iṣẹ́ ẹran ni òun ń ṣe, ẹnìkan wà lẹ́yìn ìlú tó ń tún orí ṣe. Ẹni yẹn ti ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ọkọ̀ òfuurufú mi yẹ kó gbéra ní Jackson. Mo sún un sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, dọ́là 210. Mo sun òtẹ́ẹ̀lì fún alẹ́ méjì sí i, dọ́là 280. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, mo jókòó sí iwájú òtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú orí elk nínú ọ̀rá, mò ń gbé yìnyín lé e lórí bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn ibà. Ìyàwó mi pè. “Bàbá Ìbejì, ẹ ti wọ ọkọ̀?” Mo ní mò ń dúró de orí. Ó pa fóònù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, orí márùn-ún wà níwájú tèmi lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún orí ṣe. Ọkùnrin náà ní òun lè ṣe é láìkánjú, kí òun fi ránṣẹ́ lẹ́yìn oṣù méjì. Ẹni tó gbọ́n yóò gbà. Èmi ti ṣèlérí fún bàbá mi pé òun yóò rí ìwo náà lọ́wọ́ mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ yẹn, mo sì ti fọ́nnu fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó tì í. Ìkòkò ńlá ló fi se orí náà níta, òórùn rẹ̀ ta mí nímú bí ọjọ́ kejì iléyá, lẹ́yìn náà ló da gbogbo omi ẹran nù sórí ilẹ̀. Mo mọ ìdí tó fi dà á nù, síbẹ̀ mo yíjú sẹ́yìn. Dọ́là 175.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n ní kí n fi rọ́bà di gbogbo ṣóńṣó ìwo. Ìyẹn kò le.

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ béèrè òfin ìpínlẹ̀ tí ẹ ń padà sí kí ẹ tó béèrè ti ibi tí ẹ ti fẹ́ pa ẹran, ẹ sì mú ayùn tiyín dání. Ẹ má dúró de gáìdì. Ilé rẹ̀ kò jìnnà, kò sí ẹni tó máa yẹ ẹrù rẹ̀ wò.

Ọjọ́rú ni mo pe Ìgbòho. Mo gbé agbárí funfun náà sórí tábìlì, ẹ̀ka ìwo mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì. Àbúrò mi sún fóònù mọ́ ojú bàbá. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní kí n yí i padà, mo yí i padà, wọ́n wo inú ihò rẹ̀.

“Àkànní,” wọ́n ní, “ta ló jẹ ọpọlọ rẹ̀?”