Bí NVDA ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka tábìlì ìdánwò

Àbúrò mi kan tí kò ríran ń múra ìdánwò oníṣirò owó, ó ní kí n yà sí Bódìjà. NVDA, tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè fún un, ń ka ìbéèrè geere, àmọ́ bó bá kan tábìlì, ìyẹn àtẹ tí wọ́n to iye owó sí, á kàn dákẹ́ ni. Ó ti ń rò pé kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́.

Àwòrán ni wọ́n fi tábìlì ṣe, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí NVDA lè kà! Mo tún un tẹ̀ sínú Word bíi tábìlì gidi, mo sì sọ ìlà àkọ́kọ́ di àkọlé. Ctrl, Alt àti ọfà ló wá ń tẹ̀ láti orí iye kan bọ́ sórí òmíràn.

A kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ṣáájú ọjọ́ ìdánwò, a béèrè fún irú fáìlì yẹn, gbohùngbohùn etí, àfikún àkókò. A mẹ́nu ba òfin àìṣojúsàájú sí àwọn aláàbọ̀ ara, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019. Kì í ṣe àánú la ń tọrọ o. Wọ́n gbà.

Ọ̀fẹ́ ni NVDA, ó sì ṣeé gbé sórí fláàṣì. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn ìdánwò gba fláàṣì.