Afárá tí lésà ní ó ti tẹ̀

Àwòrán lésà, èyí tí ẹ̀rọ fi ìmọ́lẹ̀ wọn afárá láti yà, fi hàn pé afárá irin náà ti tẹ̀ wálẹ̀ ní mìlímítà 18 láàárín oṣù mẹ́fà. Àyà mi já. Ọmọ iléèwé ń gbà á kọjá. Àṣé orí afárá fúnra rẹ̀ la gbé ẹ̀rọ lésà àti àmì ìtọ́kasí tí a fi ń fi ìwọ̀n wéra sí, tírélà sì ń mì wọ́n. Oòrùn náà wà níbẹ̀: irin mítà 100 máa ń fi nǹkan bíi mìlímítà 1.2 gùn sí i fún dígírì ooru kan.

Mo gbé ẹ̀rọ sọ̀kalẹ̀ sí etí odò, mo lẹ àmì mọ́ kọnkéré tí kò kan afárá, a dá ọkọ̀ dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí a tún un wọ̀n, nínú mìlímítà 18 yẹn, 2 péré ló kù. Ṣùgbọ́n irin tó dógùn-ún lábẹ́ ìsopọ̀ kejì, òótọ́ nìyẹn.