Ẹ Má Sáré Gbé Gèémù Àtijọ́ Dé Òkè: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Àwòrán Rẹ̀

Kété tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Abẹ́òkúta bá ti fi PPSSPP, ìyẹn emulator (ètò tó ń jẹ́ kí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà gbá gèémù ẹ̀rọ mìíràn) fún gèémù PSP, sórí fóònù, Settings ni wọ́n ń wọ̀ lọ. Wọ́n á wá Rendering Resolution, ibi tí wọ́n ti ń yan iye píksẹ̀lì (àwọn ẹyọ àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) tí wọ́n máa fi ya gèémù, wọ́n á sì gbé e dé òkè pátápátá. Kò ní pẹ́, fóònù á gbóná janjan, ohùn á máa já, wọ́n á ní gèémù náà ti bàjẹ́. Kò sóhun tó ṣe é. Ojú PSP, ẹ̀rọ gèémù alágbèéká ti Sony, fúnra rẹ̀ ò ju píksẹ̀lì 480 ní fífẹ̀ àti 272 ní gíga lọ. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 1440 àti 816. Tí fóònù yín bá jẹ́ irú olówó pọ́ọ́kú tí gíga ojú rẹ̀ jẹ́ 720 nígbà tí ẹ bá dà á nídùbúlẹ̀, ìlọ́po mẹ́ta ti kọjá ohun tó lè fi hàn. Èyí tí ẹ bá fi lé e, bátìrì lẹ ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí NEPA máa mú iná dé ò yé ẹnì kan.

Àṣìṣe tó ń bí mi nínú jù ni ti àwọn tó rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwòrán fi ń tóbi. Méjì ni, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá. Nínú gèémù 3D bíi ti PlayStation, PS2 àti PSP, kò sí odindi fọ́tò agbábọ́ọ̀lù kankan tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n tọ́jú, èyí tó ń sọ ibi tí èjìká wà, ibi tí orúnkún wà, ẹ̀rọ á sì máa yà á tuntun ní gbogbo ìgbà. Nítorí náà, tí emulator bá yà á ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, etí àwòrán á mọ́ ní tòótọ́.

Ti gèémù 2D, irú èyí tó wà lórí ẹ̀rọ àtijọ́ SNES àti Mega Drive, yàtọ̀. Èèyàn ló jókòó to àwọn píksẹ̀lì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí nǹkan mìíràn tó pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ tí ẹ máa hú jáde. Ṣé ẹ mọ Mario? Nígbà tí Shigeru Miyamoto yà á fún gèémù kan tó jáde ní 1981, àyè ò tó láti ya ẹnu àti irun orí, ló bá fún un ní irunmú àti fìlà. Irú ìrònú bẹ́ẹ̀ ló wà nídìí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá fi fílítà bíi xBRZ tàbí HQ2x lé e, èyí tó kàn ń méfò ibi tó yẹ kí ìlà gbà. Gbogbo igun á yọ́, ojú á dán gbinrin, ìwà tí ayàwòrán fún un á sì pòórá. Lójú tèmi, kò sí gèémù 2D tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún ṣe rí.

Ẹ tún rántí pé tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ńlá ni wọ́n ń wò nígbà náà. Nínú Sonic the Hedgehog tó jáde ní 1991, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ara wọn ni omi tó ń ṣàn látòkè. Wáyà AV àtijọ́ máa ń po ìlà yẹn pọ̀ mọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, omi á sì mọ́ gaara bí omi gidi. Lórí ojú fóònù tuntun, ìlà lẹ máa rí. Shader CRT, ètò tó ń ṣe àfarawé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ yẹn nínú RetroArch (ètò kan tó ń kó emulator oríṣiríṣi pọ̀ sójú kan), lè dá díẹ̀ nínú rẹ̀ padà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ gangan lẹ ní, tí tẹlifíṣọ̀n Bàbá ṣì wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ẹ má tíì tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù.

Fún 2D, ẹ tan Integer Scale, èyí tó ń fi odidi ìlọ́po nìkan mú àwòrán tóbi. Gíga àwòrán gèémù Sonic jẹ́ píksẹ̀lì 224. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 896, dúdú díẹ̀ á ṣẹ́ kù lókè àti nísàlẹ̀ lórí ojú 1080. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ní dandan kó kún, píksẹ̀lì kan á nípọn ju èkejì lọ, ilẹ̀ á sì máa gbọ̀n tí Sonic bá ń sáré.

Ọ̀rọ̀ kíkún yìí, ilé gèémù ni kẹ́ ẹ ti wò ó. Kò sí èyí tẹ́ ẹ máa wọ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́ tí oníbàárà kan ò ní pariwo pé, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ fà á kó kún ojú jàre!” Bọ̀ọ̀dá á fà á. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù á sanra lójijì, bọ́ọ̀lù ò sì ní rí roboto mọ́. 4:3 (fífẹ̀ mẹ́rin sí gíga mẹ́ta) ni ọ̀pọ̀ gèémù ìgbà yẹn. Àwọn gèémù PS2 kan ní 16:9 nínú ètò tiwọn. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó fa ohunkóhun.

Ti PlayStation àkọ́kọ́ tún ní wàhálà tiẹ̀. Nínú Final Fantasy VII ti 1997, fọ́tò tí wọ́n ti yà sílẹ̀ ni ilé àti ìgboro, èèyàn nìkan ni 3D. Ẹ gbé resolution sókè, èèyàn á mú ṣáṣá, ilé á ṣì ṣú bàìbàì, á wá dà bí ẹni pé wọ́n gé èèyàn jáde nínú ìwé ìròyìn lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìlọ́po kékeré ló bá irú wọn mu. Ògiri tó ń mì jọ̀wọ̀lọ̀ nínú àwọn gèémù PlayStation náà, resolution ò lè wò ó sàn, ṣe ló máa tú àṣírí rẹ̀ síta. PGXP, ètò tó ń dín mímì yẹn kù nínú DuckStation (emulator PlayStation àkọ́kọ́), lẹ máa tàn.

Tí ẹ bá rí ìlà tó dúró gbọọrọ tàbí òjìji tó ṣe méjì-méjì nínú gèémù PS2 lẹ́yìn tí ẹ gbé e sókè, ẹ dá a padà sí Native, ìyẹn ìwọ̀n tí ẹ̀rọ náà fi ń yà á tẹ́lẹ̀, ná. Tó bá lọ, a jẹ́ pé ìgbésókè yẹn ló fà á. PCSX2, emulator PS2, gbà yín láyè láti ṣètò gèémù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, nítorí náà ẹ fi èyí tó ń yọnu sí Native, kí àwọn yòókù máa bá tiwọn lọ.