Olùkọ́ wo ló yẹ kó bójú tó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yín ní fákọ́tì ètò-ẹ̀kọ́?

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní fásitì, oyè ni wọ́n fi ń wá alábòójútó: bí wọ́n bá ti rí "Ọ̀jọ̀gbọ́n" níwájú orúkọ, ó tán. Iṣẹ́ tí olùkọ́ náà ti ń ṣe bọ̀ ló yẹ kí ẹ wò. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣèwádìí lórí ìṣàkóso ilé-ìwé lè ka iṣẹ́ yín lórí ìkọ́ni ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó má rí ibi tó ti wọ́, títí ẹ ó fi dé iwájú olùdánwò tó ti fásitì mìíràn wá.

Kí ẹ tó wá ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ wádìí sílẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó dárúkọ kíláàsì, iṣẹ́ àti ìyàtọ̀ tí ẹ ń retí. "Kíkọ́ èdè Yorùbá ní ilé-ìwé girama" kì í ṣe ìbéèrè. Ìbéèrè nìyí: ṣé fífi ìlù dùndún kọ́ àwọn ọmọ JSS 1 ní àmì ohùn yóò jẹ́ kí wọ́n lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ dáadáa ju kí tíṣà kàn kọ ọ́ sójú pátákó lọ?

Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tinú-tẹ̀yìn, ṣùgbọ́n bí ohùn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú èdè ni ìwádìí tirẹ̀. Kì í sábà wọ kíláàsì lọ wo bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ọ. Onímọ̀ ìlànà ìkọ́ni Yorùbá, tó wà ní fákọ́tì ètò-ẹ̀kọ́, ni ìbéèrè yìí tọ́ sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń da àwọn méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní kẹ́mísìrì àti ìṣirò. Ẹ ó tún nílò onímọ̀ ìdíwọ̀n àti ìgbéléwọ̀n fún ìdánwò tí àwọn ọmọ yóò ṣe. Bí ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa bá wà ní kíláàsì náà, ẹ lọ bá onímọ̀ ẹ̀kọ́ àkànṣe kí ìlù tó dún rárá. Olùkọ́ ìtọ́sọ́nà àti ìgbaninímọ̀ràn àti ti ìtàn ẹ̀kọ́ ní iṣẹ́ gidi tiwọn, àmọ́ kì í ṣe ibí yìí.

Ẹ wo iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwa ṣíwájú rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6 gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí iṣẹ́ kan, tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ló ń kọ́ ọ. Irú rẹ̀ gba onímọ̀ kòríkúlọ́ọ̀mù, onímọ̀ èdè àti onímọ̀ ìgbéléwọ̀n; ẹnì kan kò lè dá a ṣe.

Láti mọ ẹni tó ń ṣe kí ni, ẹ tẹ orúkọ olùkọ́ sí Google Scholar, ibi tí wọ́n ti ń wá iṣẹ́ àwọn onímọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ka iṣẹ́ 3 tó jáde láàrin ọdún 5 sẹ́yìn. Ẹ má dúró lórí àkọlé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe ìwádìí. Bó bá jẹ́ ìwé ìbéèrè ni wọ́n ń pín ní gbogbo ìgbà, tí wọn kò kọ́ kíláàsì méjì ní ọ̀nà méjì rí, ẹni náà lè má mọ ibi tí irú iṣẹ́ yín ti máa ń bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí láíbìrì. Orúkọ alábòójútó wà lójú-ìwé ìjẹ́rìí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá 5 tó bójú tó kẹ́yìn. Kò sí ohun tó ń sọ òótọ́ tó èyí.

Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka, olórí ẹ̀ka ló ń pín akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ mú ojú-ìwé kan tọ̀ wọ́n lọ kí wọ́n tó lẹ orúkọ: ìbéèrè yín, ilé-ìwé tí ẹ ó lò, iye ọmọ, àti olùkọ́ méjì pẹ̀lú iṣẹ́ wọn tó bá tiyín mu. Bí ẹ bá ń kọ sí olùkọ́ fúnra wọn, oyè wọn ni kí ẹ fi kí wọn. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá wọn yóò lọ lo ọdún kan ní fásitì mìíràn, kí ẹ sì dúró fún ọ̀sẹ̀ 2 kí ẹ tó rán wọn létí.

Alábòójútó tó mọ iṣẹ́ yìí yóò kọ́kọ́ béèrè nípa táàmù. Nínú nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 13, ẹ yọ ìwọlé, àtúnyẹ̀wò àti ìdánwò ilé-ìwé. Ó ku bí 8. Inú rẹ̀ ni ìdánwò àkọ́kọ́, ìkọ́ni ọ̀sẹ̀ 6 àti ìdánwò ìkẹyìn yóò ti wọlé, nítorí náà, ẹni tó gba ìyọ̀ǹda ọ̀gá ilé-ìwé ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ti pẹ́. Yóò tún ní kí ẹ lo ilé-ìwé méjì. Bí ẹ bá mú JSS 1A àti 1B ní ọgbà kan náà, àwọn ọmọ A yóò lu ohùn náà lórí tábìlì fún ọmọ B ní àkókò ìsinmi, ìyàtọ̀ tí ẹ ń wá yóò sì pòórá. Ẹ kọ́kọ́ dán ìdánwò yín wò lára ọmọ bí 30 tí kò sí nínú ìwádìí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò bóyá ó ṣeé gbára lé: KR-20 ni ìlànà ìṣirò fún ìbéèrè tó ní ìdáhùn títọ̀nà kan. Cronbach's alpha ni fún "mo gbà, n kò gbà". Bí iye tí ẹ rí bá wá sísàlẹ̀ 0.70, ẹ tún àwọn ìbéèrè tó ń rú ọmọ lójú kọ, kí ẹ tún dán an wò.

Bí wọ́n bá ti fún yín ní ẹni tí ìbéèrè yín kò tọ́ sí, ẹ má gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín béèrè alábòójútó kejì, kí wọ́n sì kọ́kọ́ fọwọ́ sí lẹ́tà náà kó tó dé ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka. Ẹ ṣe é kí ẹ tó kọ orí kẹta, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ti ń yan ọ̀nà ìwádìí.