Egungun àgbọ̀n ti joro, ẹ sì fẹ́ fi implant: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Àwọn kan kì í tíì jókòó sórí àga dókítà eyín tí wọ́n á ti sọ ohun tí wọ́n bá wá: "Implant mẹ́rin péré ni kẹ́ ẹ fi gbé gbogbo eyín òkè mi." Wọn ò tíì ya fọ́tò kankan, wọn ò mọ iye egungun tó ṣẹ́ kù, àmọ́ wọ́n ti mú ọ̀nà. Àṣìṣe yìí ló ń bí ìyókù. Implant ni ìṣó kékeré tí wọ́n fi irin títáníọ́mù ṣe, tí wọ́n ń rì bọ inú egungun kó lè ṣe iṣẹ́ gbòǹgbò eyín. Egungun ló máa sọ èyí tó gbà, bí owó tiẹ̀ wà nílẹ̀.

Ẹ má gbà kí wọ́n fi X-ray pẹlẹbẹ nìkan ṣètò iṣẹ́ náà. Gíga egungun ló ń fi hàn, kì í fi fífẹ̀ rẹ̀ hàn. Mo ti jókòó ti ẹnì kan rí tí X-ray rẹ̀ wu ojú, egungun ga dáadáa. Nígbà tí wọ́n wá ya CBCT, ìyẹn fọ́tò tó ń fi egungun hàn yí po, dókítà gé àwòrán náà ní ìbú lórí kọ̀ǹpútà, ó sì fa ìlà kan láti wọ̀n ọ́n: mìlímítà 3. Orí egungun ti rí bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Ibo ni implant tó fẹ̀ tó mìlímítà 4 fẹ́ wọ̀ níbẹ̀? Ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀, iṣan tó ń jẹ́ kí ètè mọ nǹkan lára ń gba inú egungun kọjá. Ẹni tó bá fojú díwọ̀n, ètè aláìsàn lè kú, kó má sì jí mọ́.

Òmíràn ni ká yọ eyín, ká gbàgbé ojú ibẹ̀. Láàárín ọdún 1, nǹkan bí ìdajì fífẹ̀ egungun ibẹ̀ lè ti lọ, oṣù 3 àkọ́kọ́ ló sì ń yára jù. Kí wọ́n tó yọ eyín ni ká ti béèrè bóyá wọ́n lè ki ohun tó ń rọ́pò egungun sínú ihò náà. Kì í dá jíjoro dúró pátápátá, ó ń dín in kù ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí "egungun yín ò tó" lé yín sílé. Èyí tí kò tó fún ọ̀nà kan lè tó fún òmíràn. Wọ́n lè fi egungun kún un, kí ẹ dúró oṣù mélòó kan kó múlẹ̀. Lókè lẹ́yìn, wọ́n lè rọra gbé ìsàlẹ̀ ihò afẹ́fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ sókè, kí wọ́n ki egungun sábẹ́ rẹ̀. Implant kúkúrú bíi mìlímítà 6 wà. Èyí tó gùn gan-an, tó ń lọ gún egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, náà wà fún ẹni tí àgbọ̀n òkè rẹ̀ ti joro tán. Iṣẹ́ ẹni tó ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà nìyẹn o, kì í ṣe ibi ìkọ́ṣẹ́. Lójú tèmi, èyí tí wọ́n ń fojú di jù ló rọrùn jù: implant 2 péré níwájú àgbọ̀n ìsàlẹ̀, kí eyín àtọwọ́dá máa há mọ́ wọn bí bọ́tìnì. Egungun iwájú yẹn sábà máa ń ṣẹ́ kù nígbà tí ti ẹ̀yìn bá ti lọ.

Ìkánjú ńkọ́? 1952 ni Per-Ingvar Brånemark, ará Swídìn, rí i pé títáníọ́mù tó fi sínú egungun ehoro ti lẹ̀ mọ́ ọn débi pé kò ṣe é yọ. 1965 ló fi implant sẹ́nu ènìyàn àkọ́kọ́. Láyé ìgbà náà, oṣù 3 ni wọ́n ń dúró ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀, oṣù 6 ní tòkè, kí wọ́n tó gbé eyín lé implant. "Eyín ọjọ́ kan" tí wọ́n ń polówó lónìí, ti fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún yín lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi jẹ ohun líle.

Ẹ má fi oògùn pa mọ́ fún dókítà, pàápàá alendronate, zoledronic acid àti denosumab, tí wọ́n ń fún ẹni tí egungun rẹ̀ ti di ẹlẹgẹ́ tàbí tí jẹjẹrẹ ti dé egungun rẹ̀. Wọ́n lè mú kí egungun àgbọ̀n kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ má sì dá wọn dúró fúnra yín. Àtọ̀gbẹ àti sìgá, ẹ sọ ọ́, ìbáà ṣe sìgá méjì lóòjọ́.

Ẹni tí wọ́n bá ṣe ti ihò afẹ́fẹ́ fún, kó má fọn imú fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2. Bí sísín bá dé, kó la ẹnu sílẹ̀ gbàgà. Bó bá pa ẹnu dé, tó sì di imú mú, ibi tí wọ́n ki egungun sí yẹn ni agbára rẹ̀ máa bá lọ.